Ìwé Ọdún Mẹ́tàdínlógún

Garawa tó sọ̀kalẹ̀ wá bá a kò ṣófo. Láti àárọ̀ ló ti ń rán amọ̀ lọ sókè, tí garawa sì ń padà bọ̀ lófìfo, tí òun àti ẹni tó ń fa okùn kò bá ara wọn sọ gbólóhùn kan. Bí wọ́n bá fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ó túmọ̀ sí gbà. Bí wọ́n bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó túmọ̀ sí gbé e. Bí wọ́n bá fà á lẹ́ẹ̀mẹta, kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ hàn wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí garawa kanlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà ló wà nínú rẹ̀, nínú àpò ìwé funfun kan tí ẹnì kan fi òkúta tẹ̀ kó má baà fò.

Agbẹ́kànga náà gbójú sókè. Láti ìsàlẹ̀ ibi tó wà, ẹnu kànga kò tóbi ju ìdérí ìkòkò lọ. Orí méjì ló yọ níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó ń bá a fa okùn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọjọ́ pípẹ́, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìdákọ̀ró, torí pé bó bá ti di okùn mú, ọkọ̀ ò lọ mọ́. Èkejì so ìborùn mọ́rí. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ó ti pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sì sí ọjọ́ kan tí obìnrin yìí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sẹ́nu kànga tí òun wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ìdí ṣòkòtò, ó yí tọ́ọ̀ṣì orí rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, ó sì fa àpò ìwé náà ya.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò tuntun ló kọ̀wé. Wọ́n kí i kú oríire. Wọ́n ní ìwé adójútòfò ẹ̀mí rẹ̀ ti múlẹ̀ láti ọjọ́ tó ti fọwọ́ sí fóọ̀mù, pé bó bá kú, ìlọ́po méjì iye tí ìwé rẹ̀ àtijọ́ ì bá fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ni àwọn yóò san. Lẹ́yìn oríire ni wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó fara balẹ̀ ka ẹ̀dà fóọ̀mù tó fọwọ́ sí, àwọn ti fi í há ẹ̀yìn lẹ́tà. Bí ìdáhùn kan bá wà níbẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀, kó kọ̀wé sí àwọn kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé sí ọjọ́ tí lẹ́tà yìí jáde. Nítorí pé bí ikú bá dé kí ọdún méjì tó kọjá, àwọn yóò yẹ ìdáhùn wọ̀nyẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò bá sì jẹ́ òótọ́ nínú wọn lè mú kí àwọn má san ohunkóhun.

Ó ṣí ẹ̀yìn. Ìbéèrè keje bi í bóyá ó ti farapa rí lẹ́nu iṣẹ́, tàbí bóyá wọ́n ti dá a dúró rí ní ọsibítù. Ìdáhùn tó wà níwájú rẹ̀, tí ọkọ ọmọ rẹ̀ tó ta ìwé náà fún un fi ọwọ́ tó dára gan-an kọ, ni: Rárá.

Ó dúró síbẹ̀, amọ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan lọ sí ìhà òsì fúnra rẹ̀, níbi tí egungun mẹ́ta ti kán ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí ògiri kànga kan fà ya tó sì bò ó mọ́lẹ̀ dé àyà. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà pàápàá mọ̀. Báwo wá ni Rárá ṣe dé ibẹ̀?

Ẹnu òun náà ló sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún agbẹ́kànga, ohun àkọ́kọ́ tí yóò bi í ni pé ṣé kànga ò wó lu ẹ́ rí. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kọ́ ọ ní ìdáhùn rẹ̀ kó tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di dígà mú: Rárá, kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tó bá dáhùn lọ́nà mìíràn, ilé ni yóò jókòó sí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn àgbà iṣẹ́ wọn gbà pé ilẹ̀ ń gbọ́, pé èèyàn kì í dúró sí ẹnu ọ̀nà onílé kó máa ka àrùn onílé sí i létí. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń dáhùn bẹ́ẹ̀. Kì í tilẹ̀ ṣe irọ́ lójú rẹ̀ mọ́. Ó ti di bí ìgbà tí wọ́n bá kí èèyàn pé ṣé àlàáfíà ni, tí orí ń fọ́ ọ, tí ó sì ní àlàáfíà ni, a dúpẹ́. Nígbà tí ọkọ ọmọ rẹ̀ jókòó sí pálọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ fóọ̀mù náà, tó ń ka ìbéèrè wárawára, ẹnu agbẹ́kànga ti dáhùn kí orí rẹ̀ tó gbọ́.

Ó fa okùn lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó dé òkè, tí ìmọ́lẹ̀ ń gún un lójú, ìyàwó rẹ̀ kò bi í léèrè nǹkan kan. Ó kàn sọ fún un pé ọmọbìnrin àwọn ló gbé lẹ́tà náà wá láàárọ̀, pé inú báàgì ọkọ rẹ̀ ló ti rí i, pé ó ti wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́rin ló kù. Ìdákọ̀ró, tí kò lè rí ojú tó pọ́n kó má fi àwàdà tù ú, ní lẹ́tà wo ló gbóná tó báyìí tí kò lè dúró de èèyàn lókè, àbí ìjọba ti fẹ́ máa gba owó-orí lọ́wọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn.

Agbẹ́kànga fọ ẹsẹ̀, ó pààrọ̀ ẹ̀wù, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìgboro.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò àtijọ́ wà lókè ilé ìtàwé kan, àtẹ̀gùn rẹ̀ dúdú, ó sì há. Ó mọ àtẹ̀gùn náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà méjì péré ló ti gùn ún rí: ọjọ́ tó ra ìwé, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, àti ọjọ́ tó dá a padà. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì ti dàgbà díẹ̀, gíláàsì ojú rẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú. Ó ní kí bàbá jókòó. Ó gba nọ́ńbà lẹ́nu rẹ̀, ó dìde lọ sẹ́yìn, ó sì gbé fáìlì kan wá tí etí rẹ̀ ti gbó.

“Bàbá, ìwé yín ti kú,” ni ó sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń túfọ̀. “Ẹ̀yin náà lẹ pa á. Ó ti pé oṣù mẹ́rin.”

Agbẹ́kànga ní òun mọ̀, pé bóyá ó ṣeé jí ni òun wá bi wọ́n. Obìnrin náà kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó ṣàlàyé fún un pé ó lè ra òmíràn, àmọ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni yóò rà á báyìí, kì í ṣe ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, owó rẹ̀ yóò sì fò sókè. Pé wọn yóò ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọn yóò bi í ní gbogbo ìbéèrè bí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, ọdún méjì rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ó lè jẹ́ pé wọn kò tilẹ̀ ní í gbà á.

Agbẹ́kànga gbé e yẹ̀ wò, ó wá béèrè ohun tó ti ń dùn ún láti ìsàlẹ̀ kànga wá. Ká ní ìwé àtijọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ òun, tí òun sì kú, ṣé ìjàǹbá ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn yẹn kò ní í di ọ̀ràn?

“Ọ̀ràn kẹ̀? Ọjọ́ tí ẹ ra ìwé yìí, ara yín le koko, òótọ́ lẹ sì sọ. Ohun tó bá ṣe yín lẹ́yìn ìyẹn, àwa la rù ú. Ọdún méjì àkọ́kọ́ la fi ń tọ pinpin ọ̀rọ̀, bàbá. Lẹ́yìn ìyẹn, a kì í bi yín ní nǹkan kan mọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ ti lò níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè bi yín ní nǹkan kan.”

Ó yí fáìlì sí i. Ìwé méjì ló fi hàn án. Àkọ́kọ́ wá láti ilé-iṣẹ́ tuntun, ó sọ pé oníbàárà ti gbọ́ àlàyé gbogbo ohun tí òun yóò pàdánù bí òun bá fi ìwé tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ìfọwọ́sí agbẹ́kànga wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó gùn, ó wọ́, bí ìfọwọ́sí ẹni tó ń kánjú lọ jẹun. Ìwé kejì ni ẹ̀dà lẹ́tà tí obìnrin yìí fúnra rẹ̀ kọ sí i, pé kó jọ̀ọ́ kó rò ó wò, kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ kó tó pa ìwé náà rẹ́. Agbẹ́kànga rántí àpò ìwé náà. Kò ṣí i. Ó gbé e fún ọkọ ọmọ rẹ̀ pé, gbà, ìwọ lo gbọ́ èdè wọn.

Àbí kí ni kó ṣe? Àna ni. Ọmọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ó ní òun gbọ́dọ̀ rí ẹni mẹ́ta kí oṣù tó parí, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún. Ẹni mélòó ni ọmọ náà mọ̀ tó lè lọ bẹ̀ yàtọ̀ sí àna rẹ̀? Ìlọ́po méjì owó náà dùn-ún gbọ́ létí, owó oṣooṣù rẹ̀ sì fi díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ni. Lọ́jọ́ náà ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi àkísà gba aṣọ tuntun. Àgbà ni òun, ó sì yẹ kó rántí pé ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ohun tó gbé fún wọn lórí tábìlì yìí, ó sì ti rò pé bébà ni.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Bó ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó di ògiri mú.

Ó bá ọkọ ọmọ rẹ̀ lábẹ́ igi kan lẹ́yìn ọ́fíìsì tuntun, níbi tí àwọn tó ń ta ìnṣọ́ránsì ti máa ń tu ara wọn lára. Ọmọkùnrin náà rí i, ó rí àpò ìwé funfun tó ní àpá amọ̀ lára, ó sì tú táì ọrùn rẹ̀ kó tó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì. Fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá.

“Mo mọ̀, sà,” ni ọmọkùnrin náà sọ níkẹyìn. “Nígbà tí ẹ ní Rárá, mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín ti sọ fún mi kí n tó fẹ́ ẹ. Mo rò ó pé bí mo bá kọ Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ní ká lọ ya fọ́tò àyà yín, oṣù á sì parí mọ́ mi lọ́wọ́.”

Agbẹ́kànga ká àpò ìwé náà sí méjì.

“Ọdún méjì náà ni, bàbá. Oṣù mẹ́rin ti lọ níbẹ̀. Bó bá ti pé, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ẹ ṣáà máa rọra.”

“Báwo ni wọ́n ṣe ń rọra sọ̀kalẹ̀ sínú kànga?”

Kì í ṣe ìbínú ló fi bi í. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ọmọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Agbẹ́kànga wá sọ fún un pé òun yóò kọ lẹ́tà náà lónìí, pé òun yóò sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Òun lè kú lọ́la tàbí lẹ́yìn ogún ọdún, ṣùgbọ́n ìyàwó òun kò ní í máa gun àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́ kan kí wọ́n máa sọ fún un pé onírọ́ ni ọkọ rẹ̀, kí àbíkẹ́yìn àwọn sì padà wálé láti ilé-ìwé gíga nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

“Wọ́n á lé mi,” ni ọmọkùnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ariwo ọkọ̀ kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ.

Bí èèyàn bá ń bá ọmọ rẹ̀ jà, kì í fẹ́ kí ẹkùn pa á jẹ. Agbẹ́kànga gbé ọwọ́ lé e léjìká, ọwọ́ náà wúwo, ó le bí pákó. Kò ṣe ìlérí kankan fún un. Ó ní kó lọ sílé, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀ kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé nígbà tó délé. Ìyàwó rẹ̀ ti tẹ́ bébà sórí tábìlì, bíròó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló máa ń kọ̀wé nínú ilé, torí pé ìka agbẹ́kànga kì í fẹ́ di ohun tó bá kéré ju dígà lọ mú. Ó ròyìn gbogbo ibi tó lọ fún un. Obìnrin náà gbọ́, ó mi orí, ó ní ọkọ ọmọ àwọn ńkọ́.

“Kọ ọ́ pé wọ́n bi mí, mo ní Rárá, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí òun náà mọ̀, kó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́.”

Ó kọ ọ́. Ó wá béèrè ọjọ́ tí kànga náà wó. Agbẹ́kànga ronú, ó ní nígbà òjò ni, tàbí òjò ti ń tán lọ, kò dá òun lójú. Ìyàwó rẹ̀ kò dúró dè é. Ó ti ń kọ ọ́: ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án, Ọjọ́bọ̀ ni. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ní ọsibítù. Bẹ́ẹ̀dì kẹta láti ẹnu ọ̀nà. Egungun ìhà mẹ́ta lápá òsì. Ó ń kọ ọ́ láìgbórí sókè, bí ẹni tó ń da ìwé tó ti há sórí kọ, ẹnu sì ya ọkọ rẹ̀.

Bíròó dúró.

“Nǹkan kan kù, Bàbá wọn.”

Ó ní kó sọ ọ́.

“Lọ́jọ́ tí wọ́n dá yín sílẹ̀, nígbà tí ẹ ń wọ bàtà, dókítà pè mí jáde. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró yín ti ọ̀tún dára. Ó ní ti òsì, ibì kan wà níbẹ̀ tí kò ní í san. Ó ní kí ẹ má sọ̀kalẹ̀ mọ́. Pé lọ́jọ́ kan afẹ́fẹ́ ò ní í tó yín nísàlẹ̀, okùn ò sì ní í wúlò. Ó ní kí n sọ fún yín.”

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ìyàwó rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un nígbà náà, ó ń tún etí bébà náà ṣe bó ti ń sọ ọ́. Ó ní nínú ọkọ̀ tó gbé wọn bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà ni ọkọ òun ti ń sọ pé ní Ọjọ́ Ajé òun yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ mẹ́ta wà nílé-ìwé. Iṣẹ́ wo ló tún mọ̀? Bí òun bá sọ ọ́, yóò sọ̀kalẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù yóò máa bà á nísàlẹ̀, ẹ̀rù ni wọ́n sì ní ó ń pa agbẹ́kànga ju ilẹ̀ lọ. Ohun tí agbára òun ká ni òun ṣe. Òun rí i pé kò sí oṣù kan tí owó ìwé àtijọ́ yẹn pẹ́. Ọdún tí iṣẹ́ dá, tí wọn kò gbẹ́ kànga kankan fún oṣù márùn-ún, ẹ̀rọ ìránṣọ òun ni òun tà.

“O ní ó bàjẹ́.”

“Mo ní ó bàjẹ́.”

Agbẹ́kànga bi í pé kí ló dé tí kò wá sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí àwọn ń pààrọ̀ ìwé náà. Obìnrin náà ní ọkọ ọmọ òun ló jókòó níbẹ̀, ojú ń ti òun láti já a ní koro. Òun sì rò pé ìwé ni ìwé ń jẹ́, pé tuntun yóò gba ibi tí àtijọ́ dúró sí. Ó ní bí òun bá kọ ọ̀rọ̀ dókítà yìí sínú lẹ́tà, wọ́n lè dá ìwé náà padà, kò sì ní í sí àtijọ́, kò ní í sí tuntun.

“Mo mọ̀,” ni agbẹ́kànga wí. “Kọ ọ́.”

Ó tún wò ó lójú lẹ́ẹ̀kan, bóyá yóò yí ọ̀rọ̀ padà. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí ba, ó ń kọ ọ́, lẹ́tà kékeré kékeré, ó ń fara balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ti ń retí ọdún mọ́kànlá kí wọ́n bi òun.

Agbẹ́kànga jókòó tì í. Kànga kan wà níta tó ku ọjọ́ méjì kó kan omi, kò sì mọ ohun tí yóò sọ fún Ìdákọ̀ró lọ́la. Kò ronú lórí ìyẹn. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni àwọn ìrọ̀lẹ́ tó ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tí yóò yọ ní kọ̀rọ̀ àdúgbò, tí yóò sì bá ìyàwó rẹ̀ lórí ìdúró ní ìta ilé, ọwọ́ rẹ̀ lórí férémù ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ lọ́nà. Bí obìnrin náà bá ti rí i báyìí, yóò yí padà wọlé láìsọ̀rọ̀. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, agbẹ́kànga ti rò pé afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jáde gbà.